Bí a ṣe ń dá owó fàdákà àwọn ará Róòmù àtijọ́ mọ̀

Ẹni tí owó fàdákà Róòmù bá bọ́ sí lọ́wọ́, yálà ó rà á ni, yálà ó jogún rẹ̀, yálà ó fi ẹ̀rọ tó ń wá irin hú u jáde nínú oko kan ní England, iye tó ń lọ lọ́jà ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè yẹn ò tíì kàn. Kò sẹ́ni tó lè dá iye lé ohun tí a ò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù nípa àwọn owó yìí ni pé wọ́n ti kọ ẹ̀rí ara wọn sí ara: orúkọ ọba, oyè rẹ̀, nígbà mìíràn ọdún tó ti lò lórí ìtẹ́, gbogbo rẹ̀ lójú fàdákà pelebe kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò sábà ju nǹkan bíi mìlímítà 20 lọ. Iṣẹ́ tiwa ni ká kà á, ká sì kà á létòlétò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ya fọ́tò rẹ̀ kíá, wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì mú àwòrán àkọ́kọ́ tó jọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Késárì kan ṣe ń di Késárì mìíràn. Nínú ìlànà tí mo fẹ́ kọ yìí, ẹ̀yìn pátápátá ni íntánẹ́ẹ̀tì ń bọ̀.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ má fọ̀ ọ́

Fàdákà tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ máa ń dúdú, tàbí kó ní àwọ̀ eérú. Ìdọ̀tí kọ́ nìyẹn. Ara ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀ ni, àwọn tó mọ owó yìí sì máa ń torí àwọ̀ náà fowó lé e. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín pa á, ẹ má fi kànrìnkàn ha á, ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà, ẹ má sì fi oògùn tí wọ́n fi ń dán idẹ kàn án. Ohun tí ẹ bá ha kúrò lára lẹ́tà kan ti lọ nìyẹn, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá bò ó, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi distilled (omi tí wọ́n ti yọ èròjà inú rẹ̀ kúrò) títí iyẹ̀pẹ̀ á fi rọ̀ tí á sì ṣí fúnra rẹ̀. Etí ni kí ẹ máa fi ìka mú un. Ẹ tẹ́ aṣọ rírọ̀ sórí tábìlì pẹ̀lú, torí fàdákà àtijọ́ lè ti gbó látinú débi pé bó bá já lulẹ̀ lórí táìlì, ó lè ṣẹ́ sí méjì.

Ohun èlò tí ẹ nílò kò pọ̀: awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, irú èyí tí àwọn oníṣòwò wúrà ń lò, òṣùwọ̀n kékeré tó lè ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù, rúlà tàbí kálípà, àti iná tábìlì tí ọrùn rẹ̀ ṣeé yí. Iná yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ má tàn án lé owó náà lórí tààrà. Ẹ jẹ́ kó máa ti ẹ̀gbẹ́ tàn, kó sún mọ́ ilẹ̀, kí òjìji lè kó sídìí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ wá máa yí owó náà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ rò pé ó ti parẹ́ máa ń yọjú níbi kan ṣoṣo, á sì tún sá lọ bí ẹ bá yí i kọjá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìwọ̀n àti fífẹ̀

Ìwọ̀n ló ń sọ irú owó tó jẹ́, kí a tó débi ọba tó rọ ọ́. Èyí tí ẹ máa bá pàdé jù ni denarius. Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 211 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí wọ́n ń bá Hannibal ará Carthage jagun. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó wọ̀n tó gíráàmù 4.5, kò pẹ́ tó fi wálẹ̀ sí nǹkan bíi 3.9, ibẹ̀ ló sì wà fún ìgbà pípẹ́. Lọ́dún 64 lẹ́yìn ìbí Jésù, Nero dín ìwọ̀n rẹ̀ kù sí nǹkan bíi 3.4, ó sì dín fàdákà inú rẹ̀ kù pẹ̀lú. Fífẹ̀ denarius sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 17 sí 20. Owó kékeré tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí ìwọ̀n rẹ̀ tó ìdajì, quinarius nìyẹn.

Lọ́dún 215, Caracalla gbé owó mìíràn jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ òde òní ń pè ní antoninianus. Ó fẹ̀ ju denarius lọ, ó sì wọ̀n tó gíráàmù 5 nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ò fara sin: adé tó wà lórí ọba ní ṣóńṣó tó yọ jáde bí ìtànṣán oòrùn, bó bá sì jẹ́ obìnrin ààfin ni, àyà rẹ̀ jókòó sínú oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ọba tó wà lára denarius, adé ewé ló sábà máa ń dé, tàbí kó má dé nǹkan kan.

Antoninianus yìí ni ọwọ́ ìyà bà jù. Ogun kò dáwọ́ dúró, àwọn ọmọ ogun ń béèrè owó iṣẹ́ wọn, fàdákà ò sì tó. Ọba kan á dín fàdákà inú owó náà kù, èyí tó tẹ̀ lé e á tún dín in kù. Nígbà tí Gallienus, tó dá nìkan wà lórí ìtẹ́ láàárín 260 sí 268, fi máa parí ìjọba rẹ̀, fàdákà inú rẹ̀ ti wálẹ̀ débi pé kò pé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bàbà ni ìyókù, wọ́n kàn fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ra á lójú. Ìdí nìyẹn tí owó tó pọ́n bíi bàbà lọ́wọ́ yín fi lè jẹ́ owó “fàdákà” lójú àwọn tó ná an. Irú rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìkòkò ńlá tí wọ́n hú jáde nítòsí Frome, ní Somerset, lọ́dún 2010: ẹyọ owó 52,503 ló wà nínú rẹ̀.

Diocletian gbìyànjú àtúnṣe ní nǹkan bí ọdún 294 pẹ̀lú owó fàdákà tó dára tí a ń pè ní argenteus. Bí ẹ bá rí ọba mẹ́rin tí wọ́n ń rúbọ níwájú ẹnu ọ̀nà ìlú olódi, òun nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni siliqua, owó ọ̀rúndún kẹrin, tó fẹ́lẹ́, tó sì wọ̀n tó gíráàmù 2 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain, ẹ máa rí siliqua tí wọ́n ti gé etí rẹ̀ yí po. Nígbà tí owó tuntun ò dé erékùṣù yẹn mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún, wọ́n ń rẹ́ fàdákà kúrò létí èyí tó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan orí ọba. Nínú ìṣúra Hoxne tí wọ́n rí ní Suffolk lọ́dún 1992, ẹyọ owó fàdákà 14,272 ló wà níbẹ̀, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ti gé etí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ lẹ́tà Gíríìkì ni ẹ rí lára owó yín, ẹ dúró díẹ̀. Owó ìgbèríko ìlà-oòrùn nìyẹn, bíi ti Alẹkisáńdíríà tàbí Áńtíókù. Ìlànà rẹ̀ yàtọ̀, ohun tí mo ń sọ nísàlẹ̀ ò sì ní bá a mu.

Ìgbésẹ̀ kejì: àwòrán ta ni èyí?

Nínú Mátíù orí 22, Jésù ní kí wọ́n mú owó orí wá, ó sì bi wọ́n pé àwòrán àti àkọlé ta ló wà lára rẹ̀. Ìbéèrè méjì yẹn náà ni tiwa, bó ṣe tò wọ́n ni kí àwa náà ṣe tò wọ́n.

Bó bá jẹ́ orí obìnrin tó dé akoto ogun, tí àmì X wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ẹ ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn Késárì nìyẹn, ẹ ti bọ́ sí ayé ìṣèjọba àwọn aṣòfin tó ṣáájú wọn. Obìnrin náà ni Roma, ẹ̀mí ìlú náà. X dúró fún 10, torí pé owó bàbà mẹ́wàá ni denarius kan ń pààrọ̀. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 141 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n yí i sí mẹ́rìndínlógún, ẹ sì lè rí XVI tàbí X tí ìlà kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn owó náà, ẹ wá Castor àti Pollux, àwọn ìbejì tó gun ẹṣin pẹ̀lú ọ̀kọ̀, ìràwọ̀ wà lórí wọn. Tàbí kẹ̀kẹ́ ogun ẹlẹ́ṣin méjì tàbí mẹ́rin. Orúkọ tí ẹ bá rí níbẹ̀, orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi ṣe alábòójútó owó lọ́dún yẹn ni, kì í ṣe orúkọ ọba. Bí etí denarius ayé yẹn bá ní eyín wẹ́wẹ́ bíi ti ayùn, ẹ má bẹ̀rù, bí wọ́n ṣe rọ òmíràn nìyẹn.

Wọn kì í ya ojú ẹni tó ṣì wà láàyè sórí owó ìlú Róòmù títí di ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí wọ́n ya ti Julius Caesar. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n gún un pa. Brutus, ọ̀kan nínú àwọn tó gún un, náà wá ya ojú tirẹ̀ sórí owó, ó fi ọ̀bẹ aṣóró méjì àti fìlà sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú àkọlé EID MAR, ìyẹn ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta, ọjọ́ tí wọ́n pa Caesar. Owó yìí ṣọ̀wọ́n débi pé bí ẹnikẹ́ni bá fi í lọ̀ yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ rìn kúrò níbẹ̀.

Láti orí Augustus lọ, orí ọba tàbí ti ará ilé rẹ̀ ló kún iwájú owó. Irùngbọ̀n á ràn yín lọ́wọ́ níbí. Hadrian, tó gorí ìtẹ́ lọ́dún 117, ló sọ irùngbọ̀n kíkún di àṣà ààfin. Nítorí náà, bí olú-ọba yín bá ní irùngbọ̀n tó kún dáadáa, ẹ má wá a ṣáájú 117. Bó bá dé ọ̀já orí onípẹ́ẹ̀lì, ẹ ti wọ ọ̀rúndún kẹrin, láyé Constantine tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti àwọn obìnrin, irun wọn ni kí ẹ wò: Faustina àgbà, ìyàwó Antoninus Pius, ká irun rẹ̀ jọ sí àtàrí, ọmọ rẹ̀, Faustina kékeré, sábà máa ń di tirẹ̀ sí ìpàkọ́, irun Julia Domna, ìyàwó Septimius Severus, nípọn, ó ṣe ìgbì-ìgbì wálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú.

Ẹ má fi imú ọba pinnu. Àwọn tó ń fín òǹtẹ̀ kò dọ́gba lọ́wọ́, ọba kan náà sì lè rí bí ènìyàn mẹ́ta lára owó mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àkọlé ta ni èyí?

Ibí ni iṣẹ́ gidi wà. Ẹ gbé iwájú owó náà dúró kí orí ọba nàró. Lọ́pọ̀ ìgbà, àkọlé bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ní ọwọ́ òsì yín, ó gòkè yí orí po bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, ó sì parí sí ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò sí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀. Kò sí U, V ni wọ́n ń kọ. Kò sí J, I ni wọ́n ń kọ. Ẹ mú bébà, kí ẹ da gbogbo lẹ́tà tí ẹ bá rí kọ, kí ẹ fi àmì ìdánudúró sí ibi tó ti parẹ́. Ẹ má tíì gbìyànjú láti túmọ̀ nǹkan kan.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn oyè kúrò:

IMP: olórí ogun, tó padà di oyè olú-ọba.
CAES tàbí CAESAR: orúkọ ìdílé ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà oyè, bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà láìsí AVG, ó lè jẹ́ àrólé.
AVG: Augustus, olú-ọba fúnra rẹ̀, AVGVSTA fún obìnrin.
P M: olórí àwọn àlùfáà.
TR P: àṣẹ agbẹnusọ àwọn mẹ̀kúnnù, tí wọ́n ń sọ dọ̀tun lọ́dọọdún, nọ́ńbà máa ń tẹ̀ lé e.
COS: kọ́ńsúlù, pẹ̀lú iye ìgbà tó ti jẹ ẹ́.
P P: baba ilẹ̀ wa.
GERM, DAC, PARTH, BRIT: àwọn tó sọ pé òun ṣẹ́gun.
DIVVS tàbí DIVA: ẹni tó ti kú, tí wọ́n sọ di òrìṣà.
D N: olúwa wa, oyè ọ̀rúndún kẹrin.

Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí ni orúkọ. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó wọ́pọ̀ ká kà á pọ̀. Iwájú: IMP TRAIANO AVG GER DAC P M TR P. Bí a bá yọ IMP, AVG, GER, DAC, P M àti TR P kúrò, TRAIANO ló kù: Trajan. O tó wà ní ìparí orúkọ náà túmọ̀ sí pé “fún” Trajan ni. Ta ló ṣe é fún un? Ẹ̀yìn owó dáhùn: COS V P P S P Q R OPTIMO PRINC. S P Q R ni ìgbìmọ̀ aṣòfin àti àwọn ará Róòmù. OPTIMO PRINC ni aṣáájú tó dára jù lọ. Èyí já sí pé ìgbìmọ̀ àti ará ìlú ló ṣe é fún Trajan, aṣáájú tí kò lẹ́gbẹ́. COS V wá fún wa ní ìgbà: Trajan wà ní kọ́ńsúlù ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún láti 103 títí dé 111. DAC sì bá a mu, torí ìparí ọdún 102 ló gba oyè aṣẹ́gun Dacia. Ẹ wò ó, ẹ ò tíì ṣí ìwé kan, ẹ ti mọ ọba, ẹ ti mọ ìgbà.

TR P máa ń péye jù COS lọ nígbà tí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀. Severus Alexander gba tirẹ̀ lọ́dún 222. Owó rẹ̀ tó bá ní P M TR P VIII COS III P P, ọdún kẹjọ ni: 229.

Ọ̀fìn tó ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn mì ni orúkọ ANTONINVS. Ó kéré tán, ọba márùn-ún ló jẹ́ ẹ. Ẹ wo bí a ṣe ń yà wọ́n. Bí AVG bá ṣáájú PIVS, ìyẹn ANTONINVS AVG PIVS, Antoninus Pius fúnra rẹ̀ ni, àgbàlagbà onírùngbọ̀n. Bí PIVS bá ṣáájú AVG, ìyẹn ANTONINVS PIVS AVG, ẹ wò ó bóyá Caracalla ni; bí BRIT tàbí GERM bá tẹ̀ lé e, òun ni. Bí IMP bá wà níwájú, IMP ANTONINVS PIVS AVG, tí ìràwọ̀ kan sì wà nínú àyè ẹ̀yìn owó, Elagabalus ló ṣeé ṣe kó jẹ́. M ANTONINVS sábà máa ń jẹ́ Marcus Aurelius. COMM ló máa tú àṣírí Commodus. Mo rọ̀ yín kí ẹ kọ èyí sórí bébà kan kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, nítorí owó àwọn márààrún yìí pọ̀ lọ́jà.

Ọ̀fìn kejì: AVG kì í ṣe Augustus ní gbogbo ìgbà. Mark Antony rọ denarius rẹpẹtẹ ní ọdún 32 sí 31 ṣáájú ìbí Jésù láti fi sanwó fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kí wọ́n tó jà ní Actium. ANT AVG ló wà níwájú rẹ̀, AVG yìí sì dúró fún augur, àlùfáà tó ń fi ẹyẹ wo àmì. Kò sí orí ènìyàn kankan níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi alájẹ̀ púpọ̀ ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn, idì kan láàárín ọ̀págun méjì, pẹ̀lú LEG àti nọ́ńbà ẹgbẹ́ ogun náà. Fàdákà inú rẹ̀ kò dára tó ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí náà àwọn èèyàn ń fi èyí tó dára pamọ́, wọ́n ń ná èyí. Ó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí sì nìyẹn tó fi máa ń dán kọrọrọ nígbà tí a bá rí i. Kódà bí lẹ́tà bá ti tán pátá, àwọn àjẹ̀ ọkọ̀ náà, tó tò bí ìlà wínníwínní nísàlẹ̀, máa ń ṣẹ́kù. Ẹ fi iná ẹ̀gbẹ́ wá wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá yí i sẹ́yìn

Ẹ̀yìn denarius ayé àwọn Késárì, òrìṣà tàbí ìwà rere tí wọ́n sọ di obìnrin ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí a ṣe ń fi oṣé mọ Ṣàngó, tí a ń fi abẹ̀bẹ̀ mọ Ọ̀ṣun, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó wà lọ́wọ́ wọn la fi ń mọ̀ wọ́n, pàápàá nígbà tí àkọlé bá ti parẹ́.

Victoria ní ìyẹ́ apá, ó mú adé ewé àti imọ̀ ọ̀pẹ. Fortuna di ìtọ́kọ̀ mú pẹ̀lú ìwo tó kún fún èso. Obìnrin tó gbé òṣùwọ̀n dání lè jẹ́ Aequitas, ó sì lè jẹ́ Moneta; lẹ́tà nìkan ló lè yà wọ́n. Salus ń fún ejò lóúnjẹ. Spes ń rìn lọ, òdòdó wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi òsì gbé etí aṣọ rẹ̀ sókè. Pax mú ẹ̀ka ólífì, Felicitas mú ọ̀pá tí ejò méjì lọ́ mọ́, Libertas na fìlà síwájú, Annona di ṣírí ọkà mú. Jupiter ni àrá wà lọ́wọ́ rẹ̀, idì lè wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Minerva dé akoto, ó mú ọ̀kọ̀ àti asà. Bí ẹ bá rí i lẹ́yìn orí ọba tí kò ní irùngbọ̀n, ẹ kọ́kọ́ yẹ Domitian wò, nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé òun ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ jù lọ nínú denarius rẹ̀.

Hadrian àti Septimius Severus rọ owó tí AFRICA wà lẹ́yìn rẹ̀: obìnrin kan tó fi awọ orí erin ṣe gèlè, ọwọ́jà erin náà yọ síwájú orí rẹ̀. Severus fúnra rẹ̀, ọmọ Leptis Magna ni, ní ilẹ̀ tó di Líbíyà lónìí. Bí mo bá ní kí n yan ẹyọ kan péré láti inú gbogbo owó Róòmù, ọ̀kan nínú ìyẹn ni màá mú. Erin gidi wà lára denarius Julius Caesar ti ọdún 49 ṣáájú ìbí Jésù: ó ń tẹ ohun kan tó jọ ejò mọ́lẹ̀, CAESAR sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Tiberius rọrùn láti mọ̀: TI CAESAR DIVI AVG F AVGVSTVS níwájú, PONTIF MAXIM lẹ́yìn, pẹ̀lú obìnrin tó jókòó. Ọ̀pọ̀ gbà pé irú owó yìí ni wọ́n gbé fún Jésù, ìyẹn ló sì mú kí iye rẹ̀ ga ju bó ṣe pọ̀ tó lọ.

Ní ti siliqua, ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn. Lẹ́tà ibẹ̀ ń sọ ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́: TRPS ni Trier, LVGPS ni Lyon, PS sì ń jẹ́rìí pé fàdákà tí wọ́n yọ́ mọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣé òótọ́ ni àbí ayédèrú?

Ayédèrú àtijọ́ wà. Wọ́n á fi fàdákà fẹ́lẹ́ wé bàbà, wọ́n á sì lù ú ní òǹtẹ̀. Ẹ wo ibi tó yọ gogoro jù, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti irun, àti etí owó náà: bí pupa tàbí àwọ̀ ewéko bá ń yọ lábẹ́ fàdákà, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 2.8 níbi tó ti yẹ kó jẹ́ 3.8, ó ti fara hàn. Irú rẹ̀ ṣì jẹ́ ohun àtijọ́, àwọn kan tilẹ̀ ń kó o jọ.

Ti òde òní ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Fàdákà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi awò wo etí rẹ̀ yí po: òǹtẹ̀ ni wọ́n fi ń lu owó gidi pẹ̀lú òòlù, nítorí náà etí rẹ̀ lè sán, ó lè wọ́, ṣùgbọ́n kò ní ìlà tó yí i ká bí ibi tí wọ́n ti so mọ́ọ̀dù méjì pọ̀. Ihò wínníwínní bí ìfófòó lójú owó, pẹ̀lú lẹ́tà tí ìdí rẹ̀ yọ́ tí kò mú, ń sọ pé wọ́n dà á ni, wọn ò lù ú. Ọwọ́ ló lu owó gidi lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí méjì tí etí wọn wọ́ bákan náà. Bí ẹ bá rí owó méjì tí oníṣòwò kan ń tà, tí ìsán etí wọn, ibi tí àwòrán ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ìhára tó wà lójú wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ayédèrú ni, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: íntánẹ́ẹ̀tì, àti ìwé àkọsílẹ̀

Ní báyìí, ẹ ṣí ẹ̀rọ yín. Àkójọ owó Róòmù méjì ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún owó ayé àwọn Késárì, ẹ lọ sí OCRE. Fún èyí tó ṣáájú wọn, ẹ lọ sí CRRO. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, American Numismatic Society ló sì ń bójú tó wọn. Ẹ yan irú owó, ẹ yan orúkọ ọba, kí ẹ wá tẹ lẹ́tà díẹ̀ tí ó dá yín lójú nínú àkọlé ẹ̀yìn. Ẹ máa rí nọ́ńbà tí ayé fi ń pè é: RIC (Roman Imperial Coinage, ìwé àkójọ owó wọn) fún tàwọn Késárì, Crawford (orúkọ ọ̀mọ̀wé tó ṣe ìwé àkójọ tirẹ̀) fún tìṣáájú, erin Caesar, fún àpẹẹrẹ, ni Crawford 443/1. Gbogbo lẹ́tà tí ẹ dà kọ gbọ́dọ̀ bá a mu. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, kì í ṣe òun, ẹ tún wá.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ìwọ̀n, fífẹ̀, àkọlé iwájú àti ẹ̀yìn, ohun tó wà lọ́wọ́ òrìṣà náà, nọ́ńbà rẹ̀, àti ibi tó ti wá, pẹ̀lú rìsíìtì bí ẹ bá rà á. Ohun tí mo sọ kẹ́yìn yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fojú di, bẹ́ẹ̀ ibi tí owó ti wá ni ọ̀rọ̀ tí kò sí lára rẹ̀; bó bá ti sọnù, ó sọnù nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lọ fojú kan ojúlówó rẹ̀ ní British Museum, níbi tí yàrá 68 ti jẹ́ ti owó. Wọn kì í gbowó lẹ́nu ọ̀nà.

Bó bá jẹ́ inú ilẹ̀ lẹ ti rí i

Ní England àti Wales, owó fàdákà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n wà pa pọ̀, tí wọ́n ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún, tí fàdákà inú wọn sì tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìṣúra ni lójú òfin ọdún 1996. Bí fàdákà inú wọn bá kéré sí bẹ́ẹ̀, bíi tàwọn antoninianus ìkẹyìn, ó di mẹ́wàá kó tó jẹ́ ìṣúra. Ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ ní láti jẹ́ kí coroner àdúgbò, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí irú ọ̀rọ̀ yìí, gbọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo kì í sábà wọ inú òfin yìí, síbẹ̀ ẹ lè fi han òṣìṣẹ́ Portable Antiquities Scheme, ètò tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun àtijọ́ tí ará ìlú bá rí, kó bá yín kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kí ẹ tó wọ oko rẹ̀. Ní Ítálì àti Tọ́kì, ìjọba ló ni ohun àtijọ́ tí wọ́n bá hú nínú ilẹ̀, nítorí náà ẹ má fi sínú báàgì yín bọ̀ láti ìrìn àjò.

Àpò bébà tí kò ní ásíìdì ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, tàbí ike líle tí wọ́n ṣe fún owó. Ẹ yẹra fún ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bíi rọ́bà tuntun. PVC wà nínú rẹ̀, ó máa ń yọ omi aláwọ̀ ewé sára owó, ó sì ń jẹ ẹ́. Ẹ gbé ìwé pélébé kékeré tí ẹ kọ nọ́ńbà RIC tàbí Crawford sí tì í nínú àpò kan náà.